Dáàmù Ọ̀yán: Omi pọ̀, iná kò tàn

Àwọn àgbà ní a kì í gbé ẹ̀bá odò ká máa fi itọ́ bọ́jú. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ iná ọba ṣe rí nìyẹn ní agbègbè Abẹ́òkúta.

Oṣù kẹta ọdún 1983 ni Ààrẹ Shehu Shagari ṣí Dáàmù Ọ̀yán, tó wà ní nǹkan bí kìlómítà 20 sí Abẹ́òkúta. Gíga rẹ̀ lé ní mítà 30, omi rẹ̀ sì gba ilẹ̀ tó tó hẹ́kítà 4,000. Ẹ̀rọ amúnáwá mẹ́ta ni wọ́n gbé síbẹ̀, mẹ́gáwáàtì 3 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan lè mú wá. Síbẹ̀, títí di ọdún 2007, wọn kò tíì lò wọ́n rí. Èkó àti Abẹ́òkúta ń rí omi mu níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Abúlé Títun àti àwọn abúlé mìíràn létí adágún náà, àrùn ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ ni àwọn olùwádìí bá lára àwọn ọmọdé.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ẹ̀rọ ńlá ń dúró de ìjọba, ẹ̀rọ kékeré kò ní láti dúró. Ohun méjì ló ń gbé iná wá láti inú omi: bí omi ṣe pọ̀ tó àti bí ibi tó ti ń já bọ́ ṣe ga tó. Bí omi odò yín bá lè kún kẹ́ẹ̀gì onílítà 20 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí ó sì já láti òkè mítà 5, ẹ sọ 20 di ìlọ́po 5, kí ẹ tún fi 5 sọ ọ́ di púpọ̀: ó tó wáàtì 500. Ìyẹn tó gílóòbù oníwáàtì 10 bí àádọ́ta.

Àtúnṣe rẹ̀ ló gba sùúrù. Páìpù gbọ́dọ̀ kún dẹ́múdẹ́mú. Bí afẹ́fẹ́ bá wọ inú rẹ̀, agbára ẹ̀rọ dínkù. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ dín ẹnu tí omi ń gbà tú sára ẹ̀rọ kù. Bí òjò bá dé, ẹ tún un ṣí. Ẹ fi àwọ̀n dí ẹnu páìpù lókè kí ewé má baà wọlé. Bí gbogbo ilé bá paná lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rọ á sáré ju bó ṣe yẹ lọ, iná á sì jó gílóòbù. Nítorí náà, ó yẹ kí ohun kan wà tí yóò máa gba iná tó ṣẹ́kù, bí irin tí a fi ń se omi.

Kì í ṣe gbogbo odò ló tó bẹ́ẹ̀. Òmíràn gbẹ ní ọyẹ́, nítorí náà ó dára kí iná oòrùn wà pẹ̀lú rẹ̀.

Láti ọdún 2023 ni òfin ti gba ìpínlẹ̀ láyè láti ṣètò iná tirẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ ló ni Dáàmù Ọ̀yán, òun ló yẹ kó sọ fún aráàlú ibi tí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ mẹ́ta náà dé. Ṣùgbọ́n ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn lè bẹ̀rẹ̀ láti àwọn odò kéékèèké tó ń já láti ara òkè. Àwọn tí omi gba ilẹ̀ wọn ló yẹ kí iná kọ́kọ́ tàn fún.