Ọ̀mùtí tó fẹ́ jáwọ́ kì í ṣe ẹni ẹ̀sín

Àwọn àgbà wa ló sọ pé ikú yá ju ẹ̀sín. Òwe náà dára lójú ogun. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa bá mi yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sẹ̀ yìí, nítorí àwọn kan wà láàrin wa tí wọ́n ń fi òwe yìí para wọn díẹ̀díẹ̀. Àwọn tí ọtí ti sọ di ẹrú ni mò ń wí.

Ẹ jẹ́ ká fi ọkùnrin kan ṣe àpẹẹrẹ, ọmọ Èjìgbò tó ń ṣòwò ní Abidjan. A kúkú mọ̀ pé ìlú náà ti di ilé kejì fún ọ̀pọ̀ ará Èjìgbò àti Ògbómọ̀ṣọ́. Bí ọkùnrin yìí bá ti ṣọ́ọ̀bù, maquis ló ń yà sí, ilé oúnjẹ àti ọtí tó kún gbogbo àdúgbò ibẹ̀. Bíà ló fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, kutukú, ògógóró tiwọn níbẹ̀, ló gbọ́dọ̀ mu láàárọ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ tó lè yé gbọ̀n. Owó ọjà wọ inú ọtí, kò fi nǹkan ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ mọ́. Ta ni yóò sọ ọ́ fún? Bó bá sọ ọ́ nínú ìpàdé ọmọ ìlú, ìròyìn á ti dé Èjìgbò kí bọ́ọ̀sì tó gbéra. Bó bá jẹ́ Mùsùlùmí, ìtìjú náà di méjì. Ló bá panu mọ́, ó ń mu ún ní kọ̀rọ̀.

Ṣé ìpàdé kan wà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè lọ, tí wọn kò ní bi í léèrè ọmọ ta ni? Ó wà. Amẹ́ríkà ló ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1935, Bill Wilson, oníṣòwò ará New York, lọ sí ìlú Akron. Ọtí ti ba ayé rẹ̀ jẹ́ rí, kò sì ju bí oṣù márùn-ún tó jáwọ́. Òwò tó bá lọ forí ṣánpọ́n. Ó dúró nínú òtẹ́ẹ̀lì, ọtí ń pè é láti yàrá kejì. Dípò kó wọlé, ìdí tẹlifóònù ló lọ, ó ń wá ọ̀mùtí mìíràn tí yóò bá sọ̀rọ̀. Bí wọ́n ṣe mú un mọ Robert Smith nìyẹn, dókítà oníṣẹ́ abẹ tí ọtí ti dè mọ́lẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni dókítà náà lóun yóò fi jókòó. Wákàtí bíi mélòó kan ni wọ́n fi sọ̀rọ̀, títí di òru. Ìwàásù kọ́ ló gbọ́ lọ́jọ́ náà. Ẹni tó ti jẹ irú ìyà kan náà ló bá a sọ̀rọ̀. Ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún náà ni wọ́n ń kà sí ọjọ́ ìbí ẹgbẹ́ Alcoholics Anonymous, tí àwọn tó ń sọ Faransé ń pè ní Alcooliques Anonymes.

Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀? Wọ́n á jókòó, ẹnì kan á sọ tirẹ̀, àwọn yòókù á gbọ́. Orúkọ àbísọ nìkan ti tó. Wọn kì í gba owó ìwọlé. Ẹni tó bá ti fẹ́ jáwọ́ nínú ọtí ti di ọmọ ẹgbẹ́. Ohun tí a bá gbọ́ níbẹ̀, ibẹ̀ la ń fi í sí. Wọ́n ń dárúkọ Ọlọ́run, ṣùgbọ́n bí kálukú ṣe mọ̀ Ọ́n ni. Bó tilẹ̀ jẹ́ gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n yá lò, ìsìn kọ́ ni, Mùsùlùmí lè lọ.

Ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Ní ọdún 2020, àjọ Cochrane gbé iṣẹ́ ìwádìí 27 yẹ̀ wò, tó kan èèyàn tó lé ní 10,000. Wọ́n rí i pé ìtọ́jú tó ń fa èèyàn wọ ẹgbẹ́ yìí ń ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́ láti jáwọ́ pátápátá ju àwọn ìtọ́jú mìíràn tí wọ́n fi wé e.

Ẹni tó bá wà ní Abidjan, orúkọ Faransé tí mo dá lẹ́ẹ̀kan ni kó fi béèrè. Croix Bleue náà wà ní Williamsville, ní Adjamé. Ẹgbẹ́ tí pásítọ̀ Louis-Lucien Rochat dá sílẹ̀ ní Geneva ní 1877 nítorí àwọn ọ̀mùtí ni. Ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ sì wà ní Bingerville nítòsí. Kó kọ́kọ́ béèrè ọjọ́ àti wákàtí, nítorí ìpàdé a máa yí ọjọ́ padà. Bí ojú bá ń tì í, ìpàdé orí tẹlifóònù wà. Kò pọn dandan kó sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kó má sì fi ìpàdé kan ṣoṣo dájọ́.

Ìkìlọ̀ kan rèé o. Ẹni tó ń mu ún lójoojúmọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ sì ń gbọ̀n kò gbọdọ̀ já a lójijì láìrí dókítà. Gìrì lè mú un, ó lè máa ṣèrànrán, ó sì lè kú. Ẹ̀yin tí ẹ ń ti ọmọ mọ́lé, tí ẹ ń so ó mọ́lẹ̀ kí ọtí lè dá lójú rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣíwọ́.

Ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, mo mọ̀ pé ẹ máa ń dáwó láti gbé òkú lọ sílé. Ẹ yọ díẹ̀ nínú rẹ̀ fún alààyè. Ẹ sin arákùnrin yín dé ẹnu ọ̀nà ìpàdé, kí ẹ padà sílé, kí ẹ má sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀sín ọtí lè tán lára èèyàn. Ikú ni kò ní àtúnṣe.