Àdá kì í ṣe iṣẹ́ ọkọ́: Ìwé owó ẹgbẹ́ kọjá ohun tí akọ̀wé ń kọ sínú fóònù rẹ̀

Láti Akínyẹlé dé Lágelú, láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Ọ̀nà-Àrà, fóònù ti wọ àpò àgbẹ̀. Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù bá jẹ́ ọ̀dọ́, ó lè sọ fún àwọn àgbà pé ìgbà ìwé ńlá ẹlẹ́yìn páálí ti lọ, pé inú fóònù ló yẹ kí ẹgbẹ́ máa kọ owó sí. Ọ̀rọ̀ ọmọ náà kò burú. Ṣùgbọ́n ibo gan-an nínú fóònù? Ìbéèrè tó yẹ kí àwọn àgbà kọ́kọ́ bi í nìyẹn, nítorí pé owó ọ̀pọ̀ ènìyàn ló wà níbẹ̀.

Irinṣẹ́ méjì ni àwọn ènìyàn máa ń pa pọ̀ mọ́ ara wọn. Èkíní ni àkójọ ètò iṣẹ́ ọ́fíìsì, irú bíi Microsoft Office, LibreOffice àti ti Google, tí wọ́n fi ń kọ lẹ́tà, tí wọ́n sì fi ń ṣírò owó. Èkejì ni áàpù tí ènìyàn fi ń kọ ohun tí kò fẹ́ gbàgbé, irú bíi Google Keep àti Evernote. Kò sí ẹni tí yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ àgbẹ̀ pé àdá ni wọ́n fi ń ṣán oko, ọkọ́ ni wọ́n fi ń kọ ebè. Méjèèjì ló dára. Ẹni tó bá fi ọ̀kan ṣe iṣẹ́ èkejì ni yóò da iṣẹ́ rú.

Áàpù ìránnilétí wúlò fún àgbẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọjọ́ tó gbin àgbàdo, ọjọ́ tó fín oògùn sí kòkó, iye àpò gààrí tí oníbàárà kan gbé lọ ní Mọníyà tí kò tíì san owó rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló gba ibẹ̀. Google Keep, tó jáde lọ́dún 2013, ń gba àwòrán àti ohùn pẹ̀lú. Ẹni tí ojú ń yọ lẹ́nu lè sọ̀rọ̀ sí i dípò kó máa tẹ lẹ́tà. Ṣùgbọ́n bí ó bá di owó ogójì ènìyàn, tí wọ́n ń dá a, tí wọ́n ń yá a, tí èlé ń gorí rẹ̀, iṣẹ́ ti kọjá agbára rẹ̀ nìyẹn.

Ìṣirò ni ti àkójọ ọ́fíìsì. Lọ́dún 1979 ni Dan Bricklin àti Bob Frankston gbé VisiCalc jáde ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n fi gbé ìwé ìṣirò alálà sórí kọ̀ǹpútà kékeré. Excel ti Microsoft dé lọ́dún 1985. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro. Orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan wà ní ìlà tirẹ̀, oṣù wà lókè, ẹ̀rọ yóò sì ro owó náà pọ̀. Bí ẹnì kan bá yá 100,000 náírà, tó san 20,000 padà, ohun tó kù lọ́rùn rẹ̀ yóò hàn lójú ẹsẹ̀. Bí akọ̀wé bá ṣàṣìṣe, tó sì tún un ṣe, àròpọ̀ yóò tún ara rẹ̀ ṣe.

Síbẹ̀, ìṣirò nìkan kọ́. Olórí ọ̀rọ̀ ni pé ìwé ẹgbẹ́ kì í ṣe ti ẹnì kan. Ó yẹ kí èyí yé àwọn ará Ọ̀nà-Àrà ju ẹlòmíràn lọ, nítorí pé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ Gbẹ́dùn, tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dún 1937, ni wọ́n kà sí àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ọdún méjì lẹ́yìn tí ìjọba amúnisìn ṣe òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Òfin ìjọba àpapọ̀ tọdún 1993 náà ní kí wọ́n máa yẹ ìwé owó ẹgbẹ́ wò, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Báwo ni ayẹ̀wé-owó-wò ṣe fẹ́ yẹ fóònù akọ̀wé wò, níbi tí ọ̀rọ̀ ìyàwó, ọ̀rọ̀ ọmọ àti owó ẹgbẹ́ jọ wà lójú kan? Bí fóònù náà bá bọ́ sómi, tàbí tí akọ̀wé kó lọ sí Èkó, tàbí tí ọlọ́jọ́ dé bá a ńkọ́?

Ẹ̀kọ́ mìíràn tún wà lára Evernote. Ní oṣù Kejìlá, ọdún 2023, ilé iṣẹ́ náà dín àkọsílẹ̀ tí ẹni tí kò sanwó lè ní kù sí àádọ́ta péré. Ẹni tó ti kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ kò lè kọ tuntun mọ́ àfi kó sanwó tàbí kó pa nínú ti àtijọ́ rẹ́. Ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n fi Excel ṣe, LibreOffice lè ṣí i, ti Google náà lè ṣí i. LibreOffice kì í gba kọ́bọ̀, kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ lẹ́yìn tó bá ti wà lórí kọ̀ǹpútà.

Àwọn kan á ní kò sí iná, kò sí kọ̀ǹpútà lábúlé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìwé ìṣirò Google ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù kan náà tí áàpù ìránnilétí wà, wọ́n sì lè tẹ̀ ẹ́ sórí bébà lóṣù lóṣù nígbà tí wọ́n bá wọ Mọníyà tàbí Ìyànà Ọ̀ffà. Ẹ̀rọ kò sì mọ irọ́ yàtọ̀ sí òótọ́. Ohun tí wọ́n bá kọ sí i ló máa rò. Nítorí náà, kí káàdì ọmọ ẹgbẹ́ àti rìsíìtì má kúrò nílẹ̀.

Kí akọ̀wé máa fi áàpù rán ara rẹ̀ létí. Kí owó ẹgbẹ́ wà nínú ìwé ìṣirò tó jẹ́ ti ẹgbẹ́, kí akápò náà mọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀, kí wọ́n sì máa kà á sókè létí gbogbo ènìyàn ní ìpàdé. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ àyà. Ìwé tí gbogbo ọwọ́ jọ dáwó sí, kò yẹ kó há sọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo.