Ìdí Gẹ̀lẹ̀dẹ́

Ẹni tí ó bá ti wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ rí ní Ìlaròó tàbí ní Ayétòrò kò lè gbàgbé ìdí rẹ̀ bàǹtà-banta. Ọkùnrin ni ó ń jó, aṣọ ni ó sì dì mọ́ ìdí; bí ijó bá tán, a tú u sílẹ̀.

Èyí tí àwọn obìnrin kan ń ṣe lóde òní kò ṣeé tú. Wọn a sanwó kí oníṣẹ́ abẹ fa ọ̀rá ikùn wọn, kí ó sì fi abẹ́rẹ́ gbọọrọ tì í sínú ìdí. Ṣùgbọ́n iṣan ẹ̀jẹ̀ ńláńlá wà lábẹ́ ẹran ìdí. Bí ọ̀rá bá bọ́ sínú wọn, yóò gba inú ọkàn dé ẹ̀dọ̀fóró, ẹni náà sì lè kú. Ní 2018, àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́ abẹ káàkiri àgbáyé kìlọ̀ pé ikú náà lè tó ẹnì kan nínú 3,000. Ní tèmi, ẹni tí ó fẹ́ ìdí ńlá ròde, kí ó lọ bá àwọn onígẹ̀lẹ̀dẹ́.

N kò bú iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ o. Ní 1893, Gustav Neuber ní Jámánì bu ọ̀rá láti apá aláìsàn kan, ó fi dí ibi tí àpá ti jìn wọnú lójú rẹ̀. Ní ọ̀nà ààlà wa, níbi tí a ti ń fi kẹ́ẹ̀gì kó bẹntiróòlù, a mọ ohun tí iná lè fi ojú ènìyàn ṣe. Ọ̀rá ara ẹni bẹ́ẹ̀ lè mú kí àpá líle rọ̀, kí ojú sì tún kún díẹ̀. Irú wọn ni mo fẹ́ kí àwọn oníṣẹ́ abẹ wa kọ́kọ́ dá lóhùn.