Ààrò Mẹ́ta fún Ilé Ìdáná Tuntun

Àwọn àgbà ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Òwe yìí ni mo fi dá ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin lóhùn nígbà tí wọ́n ní kí a kó gbogbo owó tí àwa ọmọ dá jọ fún àtúnṣe ilé ìdáná ìyá wa n'Íbàdàn, kí a fi ra sítóòfù oníná mànàmáná àti ẹ̀rọ sólà tí yóò máa gbé e ṣiṣẹ́. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni ìyá wa ti ń fi igi dáná; ikọ́ kò sì jẹ́ kí wọ́n sùn dáadáa mọ́. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ilé wa nìkan. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ikú bíi mílíọ̀nù 3.2 ni èéfín inú ilé fà káàkiri ayé lọ́dún 2020. Bí a bá ná ìwọ̀nba owó ọwọ́ wa síbi tí kò yẹ, inú èéfín yẹn náà ni ìyá wa yóò wà.

Ààrò kìn-ín-ní ni oòrùn. Ẹ wo ìṣirò tí mo gbé síwájú ẹ̀gbọ́n mi. Pánẹ́ẹ̀lì oní-wáàtì 400, bí ó bá rí oòrùn tó mú fún wákàtí 4, yóò mú 1,600 wáàtì-wákàtí wá lójúmọ́. Bí a bá yọ ohun tí eruku, ooru àti bátìrì ń jẹ níbẹ̀, kí a fọkàn sí bíi 1,200. Sítóòfù oní-wáàtì 1,500 yóò gbé gbogbo rẹ̀ mì kí wákàtí kan tó pé, ẹ̀wà lè má tíì rọ̀. Ṣùgbọ́n gílóòbù 2 oní-wáàtì 9 kò ní jẹ ju 90 lọ ní wákàtí 5. Ẹ̀rọ ìlọta oní-wáàtì 400 yóò jẹ 100 bí ó bá lọ ata fún ìṣẹ́jú 15. Fíríìjì kékeré tó ń ṣọ́ iná lò lè jẹ 600 sí 800 lóòjọ́. Àpapọ̀ wọn kò tó 1,000. Iṣẹ́ tí agbára oòrùn lè ṣe láìmí gúlegúle nìyẹn. Kí a fi ìdáná sílẹ̀ fún gáàsì.

Ààrò kejì ni ọgbọ́n àwọn ìyá wa, torí òun ni kò ní jẹ́ kí gáàsì tètè tán. Ẹ̀wà tí a rẹ sómi mọ́jú kì í pẹ́ rọ̀. Bí àwọn oníkiri mọ́ínmọ́ín ti ń fi aṣọ bo ọjà wọn nínú apẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni a lè gbé ìkòkò ìrẹsì tó ti hó dáadáa sínú apẹ̀rẹ̀ tí a to aṣọ sí, kí ooru inú rẹ̀ parí iṣẹ́. Kí ó má ṣáà di ọjọ́ kejì níbẹ̀. Ilá, ata àti èlùbọ́ tí a sá sórí àtẹ gíga, tí a fi àwọ̀n bò, kò nílò fíríìjì rárá.

Nígbà tí ìyá wa gbọ́ nípa fíríìjì, gbólóhùn kan ni wọ́n sọ: "Ẹ má gbé àmù mi kúrò o." Wọ́n jàre. Omi tó ń rin jáde lára ìkòkò amọ̀ ń gbẹ, ó sì ń gbé ooru lọ. Ọgbọ́n yìí ni Mohammed Bah Abba, olùkọ́ láti Jigawa, lò tó fi ti ìkòkò kan bọ inú òmíràn, tó sì fi iyanrìn tútù sáàárín wọn. Ìgbá tí ì bá bàjẹ́ lọ́jọ́ 3 lo ọjọ́ 27 nínú rẹ̀. Ó sì gba ẹ̀bùn Rolex lọ́dún 2000. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ọ̀dọ̀ wọn gbẹ ju tiwa lọ. N'Íbàdàn, àsìkò ọyẹ́ ni yóò wúlò jù. Nígbà òjò, agbára rẹ̀ yóò dín kù gan-an.

Ààrò kẹta ni ilé fúnra rẹ̀. Afẹ́fẹ́ òjò máa ń wá láti gúúsù-ìwọ̀-oòrùn, ọyẹ́ a sì wá láti àríwá-ìlà-oòrùn. Fèrèsé méjì tó kọjú síra ní ìhà méjèèjì yìí, pẹ̀lú ihò lókè ògiri, yóò lé ooru àti èéfín jáde láìná owó iná. Ìta ni kí sìlíńdà gáàsì wà.

Ìpinnu wa ni pé fèrèsé àti gáàsì ni yóò ṣáájú, torí àwọn ni yóò gba ìyá wa lọ́wọ́ èéfín. Pánẹ́ẹ̀lì kan, bátìrì àti fíríìjì kékeré yóò tẹ̀ lé e. Ẹ̀yin tí ẹ ń múra àtikọ́lé tàbí láti tún tàwọn òbí yín ṣe, kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ oníṣòwò sólà, ẹ kọ wáàtì ohun èlò kọ̀ọ̀kan àti wákàtí tí ẹ ó fi lò ó sínú ìwé. Ẹni tó bá mọ ohun tí yóò jẹ ni kì í se àsèjù.