Ẹ̀yin Olùkọ́, Ẹ Má Fi Hamlet Da Ilé Wa Rú

Olóòtú,

Nígbà tí ọkọ mi kú, àbúrò rẹ̀ ló ṣú mi lópó níhìn-ín ní Sèmè. Wọ́n bi mí léèrè, mo sì gbà. Ẹnikẹ́ni ò fipá mú mi. Owó tó ń rí lẹ́nu ibodè ló fi ń rán ọmọ mi nílé-ìwé.

Àfi ìgbà tí wọ́n ṣe eré Hamlet nílé-ìwé wọn lópin ọdún. Ọmọ dé, kò kí bàbá rẹ̀ kékeré mọ́. Ó ní, "Màámi, ṣé ikú Ọlọ́run ló pa bàbá mi?" Olóòtú, ọ̀rọ̀ náà gún mi dé ọkàn.

Mo ní kó jókòó kó ro eré náà fún mi. Ọba Dẹ́nmáàkì sùn nínú ọgbà, àbúrò rẹ̀ Claudius da májèlé sí i létí, ó gba adé, ó sì fẹ́ ìyàwó rẹ̀ kó tó pé oṣù méjì. Òkú ọba wá bá Hamlet ọmọ rẹ̀ pé kó gbẹ̀san. Ó dáa. Ẹ̀ṣẹ̀ ni ìpànìyàn. Ta ló wá ní ẹ̀ṣẹ̀ ni ṣíṣú opó? Lọ́dọ̀ àwọn Òyìnbó ayé Shakespeare, èèwọ̀ ni kéèyàn fẹ́ ìyàwó arákùnrin rẹ̀ tó kú. Ti wa ò rí bẹ́ẹ̀.

Tíṣà àgbà kan ládùúgbò wa sọ fún mi pé obìnrin Amẹ́ríkà kan, Laura Bohannan, ti ro ìtàn yìí fún àwọn àgbà Tiv ní Nàìjíríà níbí, ó sì kọ ọ́ jáde ní 1966. Àwọn àgbà náà ní Claudius ṣe dáadáa tó fẹ́ opó náà, wọ́n ní ta ni ì bá máa bá a roko?

Èyí tó bí mi nínú jù ni pé òkú náà kìlọ̀ fún Hamlet kó má fọwọ́ kan ìyá rẹ̀, kó fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Ọmọ mi ò gbọ́ èyí rí! Kí eré tó parí, ẹni mẹ́jọ ló ti kú, Hamlet àti ìyá rẹ̀ wà nínú wọn, ọmọ ọba Nọ́wè ló sì wá gba adé. Ẹ̀san wo rèé?

Bó bá jẹ́ eré ẹ̀san ni wọ́n ń fẹ́, ṣebí Adébáyọ̀ Fálétí ti kọ Baṣọ̀run Gáà. Gáà pa ọba, ó pa Àgbọ̀nyín ọmọ Abíọ́dún. Abíọ́dún ò dá a ṣe o. Ó fọ̀rọ̀ lọ Ọ̀yàbí Kakaǹfò, ìlú pawọ́ pọ̀, wọ́n ṣẹ́gun Gáà ní 1774. Lóòótọ́, ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹbí Gáà tí ò mọwọ́ mẹsẹ̀ ṣàn níbẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n Hamlet, ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo ló fọkàn tán.

N ò ní kẹ́ ẹ má ṣe Hamlet, ẹ̀yin olùkọ́. Ẹ ṣe é. Ṣùgbọ́n bí eré bá parí, ẹ jókòó ti àwọn ọmọ, ẹ ṣàlàyé èyí tó jẹ́ àṣà Òyìnbó àtèyí tó jẹ́ ìwà ìkà. Ọmọ opó pọ̀ nínú kíláàsì yín.

Ọmọ mi ti ń kí bàbá rẹ̀ kékeré báyìí. Kò tíì bá a jẹun.

Ìyá Oníbúrẹ́dì,
Sèmè, Àgbádárìgì.