Kí Ẹ Tó Ra Ọmọ Ajá, Ẹ Béèrè Ìyá Rẹ̀

Àwọn tó ń ta ọmọ ajá lẹ́bàá títì ní Èkó mọ ibi tí ojú oníbàárà máa ń lọ. Bí ọkọ̀ bá ti dúró báyìí, wọn á gbé ọmọ ajá sókè, wọn á fa ẹsẹ̀ rẹ̀ iwájú síta, wọn á ní: "Ọ̀gá, ẹ wo ẹsẹ̀ yìí! Kìnnìún ni yóò dà." Ọ̀gá á wo ẹsẹ̀, á rí i pé ó tóbi lóòótọ́, owó á sì jáde lápò. Nígbà tó bá fi máa pé ọdún kan, ajá tí wọ́n pè ní Rottweiler kò ní ga ju Bíńgò àdúgbò lọ.

Irọ́ kọ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ yìí. Ọmọ ajá tó máa tóbi sábà máa ń ní ẹsẹ̀ tó ju ara rẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ lè jẹ́ ká mọ̀ pé ẹni tí à ń wò kì í ṣe Chihuahua, tí kì í sábà ju kílò 3 lọ. Àmọ́ bóyá kílò 25 ni yóò dúró sí, tàbí 45, ẹsẹ̀ ò mọ̀ ọ́n. Nígbà mìíràn pàápàá, oríkèé tó wú lókè àtẹ́lẹsẹ̀ tí wọ́n ń fi yangàn, àìsàn eegun ni, tí àìjẹunre-kánú fà.

Ọ̀dọ̀ ìyá àti bàbá ni kí èèyàn ti béèrè. Akọ Alsatian tó dàgbà máa ń wọn kílò 30 sí 40, abo rẹ̀ 22 sí 32. Nítorí náà, akọ tàbí abo nìkan ti tó láti yí ìṣirò padà. Lọ́dún 2007, Elaine Ostrander àtàwọn onímọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé apilẹ̀ àbùdá kan ṣoṣo, IGF1, wà lára ohun tó ń sọ ajá di kékeré jù lọ. Nígbà tó di 2022, wọ́n bá ẹ̀dà rẹ̀ tó ń mú ara kéré lára ìkookò kan tó ti kú ní Siberia láti nǹkan bí ọdún 54,000 sẹ́yìn. Ìyẹn ni pé inú ẹ̀jẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà wà kó tó di pé ẹnikẹ́ni so ajá mọ́lẹ̀.

Èyí tó ń da àwọn ènìyàn láàmú jù ni ajá tó ń rìn kiri. Bí akọ bíi mélòó kan bá gun abo kan láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn ọmọ tó bí lẹ́ẹ̀kan náà lè ní bàbá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀kan á ga, ọ̀kan á kúrú, olówó ajá á máa fura sí oúnjẹ.

Òṣùwọ̀n wá ńkọ́? Ó wúlò, bí a bá mọ̀ ọ́n lò. Kí èèyàn gbé ọmọ ajá dání, kó gun òṣùwọ̀n, lẹ́yìn náà kó gùn ún lóun nìkan, kó yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì. Ìṣirò kan wà tí ọ̀pọ̀ ń ṣe: wọn á fi iye ọ̀sẹ̀ tí ajá ti lò láyé pín ìwọ̀n rẹ̀, wọn á sì fi 52 sọ ọ́ di púpọ̀. Ká ní ọmọ Labrador tó pé ọ̀sẹ̀ 16 wọn kílò 14. Ìṣirò yìí á ní yóò di kílò 45 ààbọ̀. Akọ Labrador kì í sì í sábà ju 36 lọ! Ohun tó bà á jẹ́ ni pé ọmọ ajá ń yára dàgbà níbẹ̀rẹ̀, ó sì ń fà sẹ́yìn bó bá yá. Èyí tó sàn díẹ̀ ni kí a wo ìgbà tí ó dé ìdajì: ajá kékeré ní bí oṣù 3, ti àárín ní bí oṣù 4, ńlá ní bí oṣù 5. Ajá kékeré á ti parí kó tó pé ọdún kan, àwọn òmìrán lè tó ọdún méjì.

Àwọn kan wà tí kò ní ṣe sùúrù yẹn. Wọ́n á máa fún ọmọ ajá ńlá ní oúnjẹ àjẹkì àti oògùn kálísíọ́mù kó lè "yọ eegun". Òun gan-an ló ń ba eegun jẹ́. Kì í mú ajá kọjá ibi tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yàn fún un. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2002 lórí Labrador 48, àwọn tí wọ́n dín oúnjẹ wọn kù pẹ́ láyé ju àwọn yòókù lọ ní nǹkan bí ọdún méjì.

Ní England, láti oṣù kẹrin ọdún 2020, òfin ò jẹ́ kí alágbàtà máa ta ọmọ ajá tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà mọ́. Ẹni tó sin ìyá rẹ̀ ló ní láti tà á, kó sì fi ìyá hàn. Kò dìgbà tí ìjọba bá ṣe irú rẹ̀ fún wa. Ẹni tó fẹ́ ra ajá ní Èkó tàbí Ìbàdàn lè sọ pé òun fẹ́ rí ìyá rẹ̀ lójú kó tó dá iye. Bí ẹni tó ń tà bá ní ìyá wà ní ìlú òkèèrè, kó fi tẹlifóònù pè wọ́n níbẹ̀, kí wọ́n tan kámẹ́rà sí i, kó dìde dúró, ká wo ibi tí èjìká rẹ̀ dé lára ẹni tó mú un dání.