Ẹ Má Jẹ́ Kí Ètò Yorùbá Máa Bá Afẹ́fẹ́ Lọ

Lálaalẹ́, ní ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ilẹ̀ Yorùbá, ẹnì kan á jókòó síwájú kámẹ́rà, á ka ìròyìn ní èdè wa. Bó bá kúrò níbẹ̀, akéwì á bọ́ sí i, tàbí àgbẹ̀ kan tó ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹ̀gẹ́, tàbí ìyá àgbà kan tó ń túmọ̀ oríkì ìdílé rẹ̀. Ààbọ̀ wákàtí péré, ó ti tán. Bí ẹ bá wà nínú kíláàsì nígbà náà, tàbí tí wọ́n bá mú iná lọ, ó ti kọjá yín nìyẹn, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹ kò sì ní rí i mọ́. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ti tẹlifíṣọ̀n tilẹ̀ burú ju ti ẹyin lọ, nítorí ẹyin tó fọ́ a máa fi èèpo sílẹ̀.

Ohun tí a fẹ́ sọ kò lọ́jú pọ̀. A ní kí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá, ẹ̀ka eré orí ìtàgé, ẹ̀ka ìtàn, àti ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ìlú kọ̀ọ̀kan tó bá lágbára, to ẹ̀rọ tí yóò máa gba ètò tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ fúnra wọn. Kọ̀ǹpútà kékeré kan, tuner kan, áńtẹ́nà àti hard disk ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá ń dúró de ìjọba, tàbí tó ń dúró de YouTube, kó tó tọ́jú ohun tó jẹ́ tirẹ̀, apẹ̀rẹ̀ ló ń fi pọn omi.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀yìn wò. Ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959 ni WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, nígbà ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Gbogbo wa la mọ ìyẹn, nítorí a kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ ìyangàn bá dé. Ibẹ̀ ni Moses Ọláìyá, tí ayé mọ̀ sí Bàbá Sàlá, ti ń pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín kí sinimá tó gbé orúkọ rẹ̀ kiri. Ẹ wá bi ara yín: mélòó nínú ohun tí WNTV fi hàn ní ọdún mẹ́wàá àkọ́kọ́ ni akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ iṣẹ́ ìwádìí lè jókòó wò lónìí? Nígbà náà, ọ̀pọ̀ ètò ni wọ́n ń fi hàn bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́wọ́, láìgbà á sílẹ̀ rárá. Téèpù sì wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ káàkiri ayé fi ń pa ti àná rẹ́ kí wọ́n lè rí ibi gba ti òní sí.

BBC ní London náà ṣe é. Wọ́n pa ọ̀pọ̀ ètò wọn rẹ́, títí kan eré Doctor Who. Ní 2013, wọ́n kéde pé a ti rí apá mẹ́sàn-án tó sọnù nínú eré náà. Níbo ni wọ́n ti rí i? Ní Jos! Fíìmù tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí Nàìjíríà láyé ọjọ́un ló jókòó sí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan níbẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò jù ú nù. Ọ̀rọ̀ náà ní ẹ̀rín nínú, ó sì ní ẹkún. Nàìjíríà bá òyìnbó tọ́jú eré rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìmọ̀. Ta ló bá wa tọ́jú tiwa? Eré òyìnbó ní ẹ̀dà káàkiri nítorí pé wọ́n tà á fún ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ètò Yorùbá tí ilé-iṣẹ́ kan ṣe fún àwọn ará ìpínlẹ̀ rẹ̀ kì í sábà ní ẹ̀dà kejì. Bó bá sọnù nílé, kò sí ìdálẹ̀ tí a ó ti lọ bá a.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní iṣẹ́ yìí ju agbára èèyàn lásán lọ, ẹ sọ ìtàn Marion Stokes fún un. Obìnrin ará Philadelphia ní Amẹ́ríkà ni, ó ti ṣiṣẹ́ ní ilé ìkàwé rí. Fún ohun tó ju ọgbọ̀n ọdún lọ, títí ó fi kú ní 2012, ó ń gba ìròyìn tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ nínú ilé ara rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Téèpù rẹ̀ tó nǹkan bí 70,000. Kò sí ilé-iṣẹ́ tó rán an, kò sì sí ìjọba tó fún un lówó. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni Internet Archive kó àwọn téèpù náà láti tọ́jú. Obìnrin kan ṣoṣo nìyẹn, pẹ̀lú téèpù tó kún ilé. Àwa jẹ́ ogunlọ́gọ̀, hard disk tí a ó sì lò kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.

A ti ń gbọ́ ohùn àwọn kan: “Ṣé kò sí lórí YouTube ni?” Díẹ̀ wà níbẹ̀, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé e síbẹ̀ lè yọ ọ́ nígbà tó bá wù ú. Bí ìkànnì kan bá jẹ ẹ̀sùn ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, YouTube lè pa á rẹ́ pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Èyí tó ká wa lára jù ni pé ohun tó bá ń pa owó ló ń yá débẹ̀. Eré apanilẹ́rìn-ín á débẹ̀, ìjà olóṣèlú á débẹ̀. Ìròyìn alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ní Òṣogbo, tó sọ iye tí wọ́n ń ta iṣu àti orúkọ afárá tó wó, ta ló máa gbé ìyẹn síbẹ̀? Ìyẹn gan-an sì ni òpìtàn máa wá kiri ní ọdún 2050. Ẹ má sì gbàgbé dátà. Áńtẹ́nà kì í bi yín pé mélòó ló kù lórí fóònù yín.

Ó yá, bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. DVB-T2 ni ìlànà tí Nàìjíríà gbà fún tẹlifíṣọ̀n dígítà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Jos ní 2016, ó dé Ọ̀ṣun ní 2018, ó dé Èkó ní 2021. Lábẹ́ ìlànà yìí, wọ́n ti fún àwòrán àti ohùn pọ̀ kí wọ́n tó fi í sórí afẹ́fẹ́. Nítorí náà kọ̀ǹpútà yín kò ní iṣẹ́ líle láti ṣe: bó ṣe ń gbà á ló ń kọ ọ́ sórí hard disk. Ìdí nìyẹn tí Raspberry Pi fi tó, tàbí láptọ́ọ̀pù àlòkù tí ojú rẹ̀ ti fọ́.

Ẹ gbé áńtẹ́nà UHF sókè, níta, kó dojú kọ òpó ilé-iṣẹ́ náà. Okùn rẹ̀ ń bọ̀ wá sínú tuner USB, èyí tó jọ fláàṣì tí a fi ń kó iṣẹ́ lọ sí ibi ìtẹ̀wé, àfi pé ó ní ihò áńtẹ́nà nídìí. Tuner wọ kọ̀ǹpútà. Lórí kọ̀ǹpútà náà, ẹ fi Linux àti Tvheadend sí i. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Tvheadend máa ń ka àkójọ ètò tí ilé-iṣẹ́ fi bá ìgbì rìn. Ẹ lè sọ fún un lẹ́ẹ̀kan pé gbogbo ètò tó bá ní “Ìròyìn” nínú orúkọ ni kó máa gbà, kó sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ kí ẹ wà nílé tàbí kí ẹ wà ní gbọ̀ngàn ìdánwò. Níbi tí ilé-iṣẹ́ kò bá ti kọ àkójọ náà dáadáa, ẹ fún un ní aago: lójoojúmọ́, agogo méje sí méje ààbọ̀. Àwọn ìkànnì tó bá sì jọ wà lórí ìgbì kan náà, tuner kan lè gba méjì tàbí mẹ́ta nínú wọn pọ̀.

Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀. Ká ní ìkànnì kan ń lo 3Mbps. Wákàtí kan yóò jẹ́ 1.35GB. Hard disk 1TB yóò gba wákàtí tó ju 700 lọ. Bí ẹ bá ń gba wákàtí méjì lójúmọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún kan kó tó kún. Níbi tí tẹlifíṣọ̀n ayé àtijọ́ bá ṣì wà, iṣẹ́ náà le díẹ̀, nítorí kọ̀ǹpútà yín ni yóò fún àwòrán náà pọ̀ fúnra rẹ̀, láptọ́ọ̀pù ló sì dára jù fún un. Ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe.

Àwọn kan á ní tẹlifíṣọ̀n tuntun ní ihò USB tó ń gba ètò sílẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń ti ohun tí wọ́n gbà mọ́ ara wọn: ẹ yọ ọ́ síbòmíràn, kò ní ṣí. Lọ́jọ́ tí tẹlifíṣọ̀n náà bá jóná, gbogbo rẹ̀ bá a lọ. Fáìlì tí ẹ̀rọ tiwa bá gbà, gbangba ló wà. Ẹ lè ṣe ẹ̀dà rẹ̀ méjì, kí ọ̀kan wà ní ẹ̀ka, kí èkejì wà ní ilé ìkàwé.

Ọ̀rọ̀ iná ńkọ́? Raspberry Pi pẹ̀lú hard disk kékeré kì í jẹ iná tó fáànù orí tábìlì. Bátìrì tó ń gbé gílóòbù méjì tàbí mẹ́ta ró lóru lè gbé e. Bí iná bá tilẹ̀ lọ láàárín ètò, ibi tó gbà dé kì í bàjẹ́. Ẹ ó rí ìyẹn wò. Ẹni tó ń fi jẹnẹrétọ̀ wo bọ́ọ̀lù Champions League kò lẹ́nu láti fi NEPA ṣe àwáwí níbí.

Àwọn tó sọ pé olè ni, ọ̀rọ̀ wọn ló wúwo jù, a kò sì ní fi ọwọ́ rọ́ ọ tì. Bàbá Sàlá tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan yìí, gbogbo wa la gbọ́ ohun tí ojú rẹ̀ rí lórí Ọ̀run Mooru, fíìmù rẹ̀ ti 1982. Àwọn kan jí i dà kọ, wọ́n ń tà á kiri, gbèsè sì wọ àgbà òṣèré lọ́rùn. A kórìíra ìyẹn bí ẹ ṣe kórìíra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó dà á kọ láti tà, àti ẹni tó gbà á sílẹ̀ láti wò ó lẹ́yìn kíláàsì, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà ti sọ bẹ́ẹ̀ láti 1984, nígbà tí àwọn onísinimá pe Sony lẹ́jọ́ nítorí ẹ̀rọ Betamax. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ti Nàìjíríà, ti 2022, náà fi àyè sílẹ̀ fún ìlò ara ẹni àti ìwádìí tí kò mú owó wá, bí a bá lò ó bó ṣe tọ́. Òfin tiwa nìyí, kí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ẹ̀rọ náà: a kò tà, a kò gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, a kò pín in lórí WhatsApp. Ẹ̀ka tó bá fẹ́ fi han kíláàsì, kó kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ náà. Ọjọ́ tí ilé-iṣẹ́ bá sì wá ètò rẹ̀ tì, kó wá gba ẹ̀dà lọ́wọ́ wa lọ́fẹ̀ẹ́.

Ibi tí ìjà wà gan-an ni kọ́kọ́rọ́. Níbi tí wọ́n bá ti ti ìkànnì ọ̀fẹ́ pa, tó jẹ́ pé dikódà kan ṣoṣo ló lè ṣí i, tuner wa di òkúta. A kò bá ẹni tó ń ta bọ́ọ̀lù òkè òkun jà. Ọjà rẹ̀ ni, kó ti i. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tí ìjọba ìpínlẹ̀ ń fi owó ará ìlú gbé ró, kí ló fẹ́ fi kọ́kọ́rọ́ ṣe? Ní London, BBC One ń lọ lórí Freeview láìsí kọ́kọ́rọ́, tẹlifíṣọ̀n ẹnikẹ́ni ló lè gbà á. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ ìwé ẹ̀hónú lórí owó ilé gbígbé lè kọ ojú ìwé kan lórí èyí: ètò tí a fi owó wa ṣe, kó máa bọ̀ ní ṣíṣí.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde, iṣẹ́ yín wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tó wà ní ìlú ọba, tuner DVB-T2 tí wọ́n ń tà níbẹ̀ yóò ṣiṣẹ́ nílé. Ẹ fi ọ̀kan sínú ẹrù yín bí ẹ bá ń bọ̀. Ẹ̀yin tó wà ní Amẹ́ríkà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra ti ibẹ̀. ATSC ni wọ́n ń lò, kò bá tiwa mu. Ẹ ra hard disk dípò rẹ̀.

Àwa tí a wà lórí ilẹ̀, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ òní. Ẹ wá tẹlifíṣọ̀n kan tó ní DVB-T2 nínú, ẹ so áńtẹ́nà mọ́ ọn, ẹ ní kó wá ìkànnì. Èyí tó bá ṣí kedere láìsí káàdì àti láìsí dikódà, tuner wa yóò gbà á. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ àti aago tí wọ́n ń ka ìròyìn Yorùbá níbẹ̀. Ẹ mú ìwé náà dání lọ sí ìpàdé ẹ̀ka yín tó ń bọ̀, kí ẹ sì béèrè pé ta ni yóò mú láptọ́ọ̀pù tó fọ́ wá.